Kíláàsì Tí Kò Pàtẹ́wọ́ Mọ́

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹrin oṣù Karùn-ún

Ìyàwó mi ti ibi iṣẹ́ dé lọ́sàn-án òní, kò bọ́ bàtà, kò béèrè omi. Ó jókòó sórí àga ẹnu ọ̀nà pẹ̀lú aṣọ mètírọ́nì lọ́rùn, ó wá ń wò mí bí ẹni pé èmi ni mo ṣẹ̀ ẹ́.

"Dádì, ẹ dá mi lóhùn. Bí dókítà bá ní ká fún ọmọ ọwọ́ ní ogún mìlígíráàmù, tí ọgọ́rin sì wà nínú ìgò abẹ́rẹ́ kan, ìgò mélòó lẹ máa fọ́?"

Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní ìgò kan gan-an ti pọ̀ jù, ìdá kan nínú mẹ́rin rẹ̀ ti tó.

"Mẹ́ta ni mo bá lórí tíréè. Mẹ́ta! Ó ti fa gbogbo ẹ̀ sínú sírínjì tán, ó ti di itan ọmọ mú. Ọmọ oṣù mẹ́rin. Bí kì í bá ṣe pé mo yà síbẹ̀ wá mú òwú..."

Mo béèrè pé ta ló fẹ́ gún ọmọ náà.

"Ọmọ kíláàsì yín ni. Èyí tí ẹ máa ń yìn ṣáá, tẹ́ ẹ̀ ń pè ní Kọ̀ǹpútà."

Háà! Ọmọbìnrin tó gba máàkì tó pé nínú gbogbo ìdánwò ìṣirò oògùn tí mo ṣe fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ nọ́ọ̀sì lọ́dún yìí! Mo ní irọ́ ni. Ìyàwó mi bọ́ bàtà, ó wọlé lọ.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ karùn-ún

Òjò láti àárọ̀. Ara ọmọ náà le, abẹ́rẹ́ ò kàn án, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Wọ́n ní kí Kọ̀ǹpútà má tẹ wọ́ọ̀dù mọ́ títí ìgbìmọ̀ ilé ẹ̀kọ́ á fi jókòó. Kò wá sí kíláàsì.

Mo kọ́ àwọn yòókù bí mo ṣe máa ń kọ́ wọn. Mo sọ ìtàn, mo dápàárá, mo dá orin ìṣirò tí mo fúnra mi ṣe: ohun tí dókítà fẹ́, fi ohun tó wà nínú ìgò pín in, kí o wá fi omi inú ìgò sọ ọ́ di púpọ̀. Gbogbo gbọ̀ngàn gbè é. Nígbà tí mo parí, wọ́n pàtẹ́wọ́ bí ìṣe wọn. Wọn ò ṣàdédé máa pè mí ní Olóyin. Àmọ́ lónìí, àtẹ́wọ́ náà ń ta mí létí.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ keje

Mo ní kí n dán wọn wò, kí ọkàn mi lè balẹ̀. Ọkàn wo ló balẹ̀!

Ìbéèrè kan ṣoṣo ni. Irú èyí tá a ti jọ ṣe láìmọye ìgbà ni, mo kàn yí iye oògùn padà, mo sì sọ ọ́ bí dókítà ṣe máa ń sọ ọ́ lórí wọ́ọ̀dù: mi ò tò ó bí orin ṣe tò ó. Mo kó ìwé wọn lọ sí ọ́fíìsì, mo tilẹ̀kùn. Nígbà tí mo máàkì èyí àkọ́kọ́, mo ní àṣìṣe ni. Nígbà tí mo dé ìdajì, mo dìde, mo lọ dúró lójú fèrèsé. Ju ìdajì kíláàsì lọ ló fún ọmọ inú ìbéèrè náà ní oògùn tó lè pa á. Ẹnì kan kọ ogójì mílílítà. Ogójì! Sírínjì tó bá tóbi tó yẹn, ẹṣin ni wọ́n fi ń gún.

Gbogbo wọn ló sì kọ orin náà sí etí ìwé. Kò sí ẹni tó ṣi orin kọ. Wọ́n mọ̀ ọ́n kọ ju èmi tí mo ṣe é lọ. Wọn ò kàn mọ ohun tó ń wí ni.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kọkànlá

Ẹyin tún ti gbówó lórí. Ìyàwó mi ní ká gbàgbé ẹ̀ ká máa fi tíì lásán jẹ búrẹ́dì.

Olùkọ́ obìnrin tó wà ní gbọ̀ngàn kejì wá kí mi. Mo máa ń pè é ní Àbúrò, òun náà ń pè mí ní Bọ̀dá. Lọ́dún tó kọjá, mo fẹjọ́ rẹ̀ sun Ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ wa pé ariwo kíláàsì rẹ̀ ò jẹ́ káwọn ọmọ tèmi gbọ́ mi. Mo fi àwọn ìwé náà hàn án. Kò yà á lẹ́nu, ìyẹn gan-an ló tún yà mí lẹ́nu.

"Bọ̀dá, ẹ má bínú o. Nínú kíláàsì yín, ẹ̀yin nìkan lẹ̀ ń ṣiṣẹ́. Ìran làwọn ọmọ ń wò."

"Ìran kẹ̀?"

"Ẹni tó ń wo agbábọ́ọ̀lù láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, ṣé ó ti mọ bọ́ọ̀lù gbá nìyẹn?"

Inú bí mi. Kò pẹ́, inú ò bí mi mọ́, ẹ̀rù ló wá ń bà mí.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹtàlá

Mo jókòó sẹ́yìn kíláàsì Àbúrò bí ọmọ tuntun. Ó béèrè ìbéèrè kan: bí ẹ̀jẹ̀ bá ń dà lára èèyàn, ṣé ọkàn rẹ̀ á máa sáré ni àbí á máa falẹ̀? Ó ní kí kálukú fi ìka kan tàbí méjì sọ èsì rẹ̀ ní igbá àyà, kí ẹnì kejì má rí i. Èsì wọn rí jákujàku. Kàkà kó sọ èyí tó tọ̀nà, ó ní: "Ẹ wá ẹni tí èsì rẹ̀ yàtọ̀ sí tiyín, kí ẹ fi ọ̀rọ̀ mú un."

Ariwo sọ, bí ilé agbọ́n tí wọ́n sọ lókò. Àríyànjiyàn, ìka lójú ara wọn, ẹnì kan ń fi ìgò omi ṣàlàyé. Lẹ́yìn náà ó ní kí wọ́n tún fi ìka hàn. Ẹnu mi ò pa dé. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo wọn ló gbà á. Obìnrin yìí ò sì tíì la ẹnu sọ èsì!

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kejìdínlógún

Èmi náà dán an wò. Mo béèrè, mo dákẹ́. Kò sí ohun tó le nínú iṣẹ́ olùkọ́ tó dídákẹ́ yẹn. Ẹnu ń yún mi. Àwọn ọmọ ń wò mí, èmi náà ń wò wọ́n, òjò ń kan páànù. Nígbà tí mo ní kí wọ́n kọjú síra wọn, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí sọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù.

Ọ̀kan dìde, ẹni tí gbogbo kíláàsì ń pè ní Agbẹjọ́rò nítorí kì í gbẹ́jọ́ tì. "Sà, pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n, àwa ò mọ̀ ọ́n. Kí wá ni ká sọ fún ara wa? Ṣé afọ́jú lè fa afọ́jú ni?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Mo bá wọn rẹ́rìn-ín, àmọ́ kò pa mí lẹ́rìn-ín.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹtàlélógún

Èmi àti ìyàwó mi lọ wá Kọ̀ǹpútà. Ọ̀dọ̀ àǹtí rẹ̀ tó ń ṣe irun ló ń gbé. A bá a níbi tó ti ń fọ irun oníbàárà, ọṣẹ dé ìgbọ̀nwọ́. Nígbà tó rí ìyàwó mi, ó sá sẹ́yìn bí ẹni tó rí ọlọ́pàá.

Mo béèrè bó ṣe jẹ́ pé ẹni tí kò ṣi ẹyọ kan rí nínú ìdánwò lè ṣi èyí. Kò wo ojú mi.

"Sà, mi ò mọ̀ ọ́n rí. Tí mo bá ti rí ìbéèrè, màá kàn máa gbọ́ ohùn yín lórí mi. Bí ẹ ṣe sọ ọ́, títí dórí àpárá tẹ́ ẹ dá sí i. Ohun tí mo bá gbọ́ ni mò ń kọ. Lọ́jọ́ yẹn lórí wọ́ọ̀dù, ọmọ yẹn ń ké, ìyá rẹ̀ ń wò mí, mo dúró de ohùn yín. Kò wá."

Ìyàwó mi ló fà á mọ́ra tọṣẹtọṣẹ.

"Ìwọ ọmọ yìí, èmi tí mo gba sírínjì lọ́wọ́ rẹ ni mo wá bẹ̀ ẹ́. Padà sílé ẹ̀kọ́. Ẹni tó ti rí ohun tó o rí, kò ní fi ṣeré mọ́."

Àǹtí rẹ̀ ní bí kò bá lọ, òun á lé e jáde ní ṣọ́ọ̀bù.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n

Mo ti fi ẹnu mi kó bá gbogbo kíláàsì.

Ìgbìmọ̀ jókòó lórí ọ̀rọ̀ Kọ̀ǹpútà. Wọ́n fẹ́ lé e. Mo dìde, mo ní: "Bí ẹ bá lé e, ẹ múra láti lé ju ìdajì àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ, torí ohun tó ṣe gan-an làwọn náà ṣe lórí ìwé." Mo gbé àwọn ìwé náà kalẹ̀. Mo rò pé àánú á ṣe wọ́n. Ọ̀gá tú àwọn ìwé náà wò, obìnrin tí kì í pariwo ni, ó kàn yọ awò ojú rẹ̀.

"A dúpẹ́ tó o fi hàn wá. A ò ní lé ọmọ náà. Àmọ́ ní oṣù Keje, gbogbo wọn pátá ló máa wọn oògùn níwájú àwọn aṣèdánwò tó máa wá láti ìta. Ẹni tó bá ṣi ẹyọ kan, á tún ọdún náà ṣe."

"Ẹyọ kan, mà?"

"Ọmọ mélòó lo fẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ pa?"

Mo jókòó.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kìíní oṣù Kẹfà

Wọ́n ti gbọ́. Kò sẹ́ni tó kí mi lọ́dẹ̀dẹ̀. Kọ̀ǹpútà padà wá, ó jókòó sẹ́yìn pátápátá, òun àti ògiri.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹrin

Sùúrù mi tán. Ìdánwò ń bọ̀, wọ́n ń wò mí bí ẹni tó kó wọn wọ gbèsè, mo bá padà sí ti àtijọ́. Mo kọ́ wọn! Ah, mo kọ́ wọn lónìí! Mo fi ọwọ́ ṣe, mo fi ẹsẹ̀ ṣe, gbogbo rẹ̀ ń yọ́ bí òrí. Wọ́n pàtẹ́wọ́ títí, àwọn kan dìde dúró. Agbẹjọ́rò ní, "Olóyin wa ti dé padà!" Inú mi dùn débi pé mo fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún.

Mo ní kí wọ́n ṣe ìbéèrè kan kí wọ́n tó lọ, kí n lè jẹ adùn rẹ̀ tán. Àwọn tó gbà á ò tó nǹkan. Ó burú ju ti oṣù tó kọjá lọ. Ojú gbogbo wọn ṣì ń dán, wọ́n ń bá ara wọn sọ pé gbogbo ẹ̀ ti yé àwọn báyìí.

Mo ka èsì náà lẹ́ẹ̀mejì. Mo jókòó sórí pèpéle ní gbọ̀ngàn òfìfo títí ẹni tó ń gbálẹ̀ fi ní kí n gbé ẹsẹ̀ sókè.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹsàn-án

Ọ̀gá pè mí. Agbẹjọ́rò àtàwọn mẹ́ta ti wá bá a: wọ́n ní mi ò kọ́ àwọn mọ́, àfi ọjọ́ kan péré lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ọ̀gá béèrè ohun tí mò ń ṣe. Mo ṣàlàyé.

"Ìwọ tí gbogbo ilé ẹ̀kọ́ ń fi orúkọ rẹ yangàn. O fẹ́ fi ọjọ́ ogbó kọ́ iṣẹ́ tuntun, lọ́dún tó jẹ́ pé àṣìṣe ẹyọ kan ni ọdún kan."

"Èyí tí mo mọ̀ tẹ́lẹ̀ ò ṣiṣẹ́, mà. Ó kàn dùn ún gbọ́ ni."

Ó wò mí lọ wò mí bọ̀. Ó ní tí wọ́n bá fìdí rẹmi, orí mi ló máa wà. Mo ní mo mọ̀. Ìgbà tí mo jáde ni mo tó mọ ohun tí mo sọ.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kejìlá

Àbúrò ní ohun tí mo ṣe tí kò dára ni pé ìbéèrè mi rọrùn jù tàbí ó le jù. Ó ní kí n wá èyí tó máa pín kíláàsì sí méjì. Ó tún ní kí n gbé ìgò gidi wá, kí n gbé sírínjì gidi wá, omi ni kí n rọ sí i. Ìyàwó mi kó àwọn ìgò òfìfo wálé fún mi látinú wọ́ọ̀dù, a fọ̀ wọ́n nínú bàsíà bí abọ́.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹtàdínlógún

Mo gbọ́dọ̀ kọ èyí dáadáa.

Ìbéèrè òní: dókítà fẹ́ ọgbọ̀n mìlígíráàmù, ogójì ló wà nínú ìgò kan, omi inú ìgò náà sì jẹ́ mílílítà kan. Mo kọ èsì méjì sójú pátákó, ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin mílílítà àti méje àbọ̀; wọ́n fi ìka hàn, ó pín sí méjì gẹ́ẹ́. Mo ní kí wọ́n wá ẹni tí èsì rẹ̀ yàtọ̀. Agbẹjọ́rò ò rí ẹlòmíì nítòsí, ó yíjú sẹ́yìn, Kọ̀ǹpútà ló kàn. Láti ìgbà tó ti padà wá, ọmọ náà ò tíì la ẹnu.

Agbẹjọ́rò bẹ̀rẹ̀ ẹjọ́. Ó ní mílílítà méje àbọ̀ ni, ó to ìṣirò rẹ̀ kalẹ̀, ó ń sọ̀rọ̀ bí omi. Kọ̀ǹpútà ń wo ìgò tó wà lórí tábìlì. Nígbà tó sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ kéré.

"Ìgò mélòó lo máa fọ́?"

"Hẹn?"

"Kó o tó lè rí méje àbọ̀ yẹn fà. Ìgò mélòó?"

Agbẹjọ́rò ka ìka rẹ̀. Ó ní, "Mẹ́jọ."

Ó gbọ́ ohun tó sọ. Gbogbo gbọ̀ngàn gbọ́ ọ. Kò sẹ́ni tí kò mọ ìtàn ìgò mẹ́ta. Agbẹjọ́rò, ẹni tí kì í gbẹ́jọ́ tì, mú ìwé rẹ̀, ó pa èsì rẹ̀ rẹ́, ó ní, "Ìgò kan ò tiẹ̀ gbọ́dọ̀ tán. Kọ́ mi bó o ṣe rò ó." Ọmọbìnrin náà sì fa àga rẹ̀ sún mọ́ ọn.

Mo dúró níwájú bí ọ̀pó. N kò sọ nǹkan kan.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kejìlélógún

Ó ti ràn ká kíláàsì. Kí ẹnikẹ́ni tó kọ èsì, ẹni ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ á ní, "Ìgò mélòó?" Wọ́n ti fi ń ṣàwàdà nídìí oúnjẹ. Àmọ́ wọn ò tíì fẹ́ràn mi. Ẹnì kan sọ lẹ́yìn mi pé orí ń fọ́ òun ní gbogbo ìgbà tóun bá kúrò ní kíláàsì mi.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ ọgbọ̀n

Ooru. Iná ò sí. Wọ́n ń jà lórí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin bí ẹni pé ilẹ̀ bàbá wọn ni.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ keje oṣù Keje

Ìdánwò. Wọn ò jẹ́ kí n wọlé, mo dúró síta lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé pẹ̀lú agboòrùn. Tábìlì, tíréè, ìgò, aṣèdánwò tí kì í rẹ́rìn-ín. Kọ̀ǹpútà ló jáde kẹ́yìn. Mo rí i tó ń wo sírínjì lójú ìmọ́lẹ̀, tó gbé e kalẹ̀, tó tún gbé e. Nígbà tó jáde, mo ní, "Báwo ni?" Ó ní, "Mo ṣe é, sà," ó wá lọ jókòó sórí koríko tútù.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹwàá

Èsì jáde. Ọ̀gá fún mi ní ìwé náà. Mo ń wá àwọn tó fìdí rẹmi, mi ò rí wọn. Mo rò pé ojú mi ló ń ṣe mí. Mẹ́ta péré. Nínú gbogbo gbọ̀ngàn! Ọ̀kan nínú wọn, mi ò tiẹ̀ mọ ohùn rẹ̀ títí di òní. Màá wá a lọ. Kọ̀ǹpútà yege. Ọ̀gá ní aṣèdánwò béèrè ẹni tó kọ́ wọn láti máa ka ìgò kí wọ́n tó fa oògùn. Mo ní kì í ṣe èmi. Kò gbà mí gbọ́.

Mo ra ẹyin lọ sílé. Ìyàwó mi kígbe débi pé aládùúgbò wá bi í bóyá kò sí nǹkan.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹrìnlá

Mo rò pé ìyàlẹ́nu ti tán.

Lópin sáà, àwọn ọmọ máa ń sọ èrò wọn nípa olùkọ́ kọ̀ọ̀kan láìkọ orúkọ. Ọdọọdún lèmi ń ṣe ìkíní. Ọ̀gá tún pè mí lónìí, ó ń rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí mi ò rí lẹ́nu rẹ̀ rí. Èmi ni mo kẹ́yìn. Wọ́n ní ọ̀lẹ ni mí. Wọ́n ní kò sí ohun tí àwọn rí kọ́ lọ́wọ́ mi ní sáà yìí. Àwọn ọmọ yìí kan náà! Mo jókòó, mo gbé èsì ìdánwò sọ́wọ́ kan, mo gbé èyí sọ́wọ́ kejì, mi ò mọ èyí tí màá gbà gbọ́.

Ọ̀gá ní, "Sáà tó ń bọ̀ ńkọ́? Kíláàsì tuntun ń dúró. Èwo lo fẹ́ fún wọn?" Mo ní kó jẹ́ kí n lọ rò ó.

Òjò dé bí mo ṣe ń jáde. Mo sá sábẹ́ páànù ẹnu géètì, Agbẹjọ́rò ló wà níbẹ̀, ó ń fún omi lára ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Ó dọ̀bálẹ̀ díẹ̀, nítorí ẹrẹ̀. Mo bi í bóyá òun náà wà lára àwọn tó ní mi ò kọ́ wọn.

"Sà, ẹ má bínú. Mi ò lè purọ́. Ẹ ò kọ́ wa. Àwa la kọ́ ara wa."

Mo wò ó dáadáa bóyá ó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Kò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ rárá. Ó gbà á gbọ́ látọkàn wá.

"Ṣé ó dùn mọ́ yín?"

"Ó dùn kẹ̀! Ìyà gidi ni, sà. Àwọn ọjọ́ kan wà tí mo fẹ́ sunkún."

"Ó dáa. Àwọn tuntun ń bọ̀ ní sáà tó ń bọ̀. Ṣé kí n kọ́ wọn bí mo ṣe ń kọ́ yín tẹ́lẹ̀, kára tù wọ́n, àbí kí n fi ìyà jẹ wọ́n bí mo ṣe fi jẹ yín?"

Ó wo òjò, ó wo bàtà rẹ̀, ó tún wò mí, bí adájọ́ tó fẹ́ dájọ́.

"Ẹ fi jẹ wọ́n, sà," ló wí. "Ẹ fi jẹ wọ́n dáadáa." Ó wá fi báàgì borí, ó sì sáré wọnú òjò lọ.